Owú àti Ìdènà Ìfẹ́ Nínú Àwọn Eré Apanilẹ́rìn-ín: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olùkọ́ àti Àwọn Ẹgbẹ́ Ìjọ

Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì orí 29, ẹsẹ 15 sí 30, orí 30, ẹsẹ 1 sí 24, orí 37, ẹsẹ 1 sí 28.

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín ní oṣù yìí lè dàbí ohun àjèjì lójú àwọn kan nínú yín, nítorí pé lórí eré tí a ń wò nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni ó dá lé. Ṣùgbọ́n bí a bá rò ó dáradára, a ó rí i pé kò sí olùkọ́ kan nínú ìjọ wa tí ó ń rí àyè bá àwọn ọmọ wa jókòó tó bí àwọn eré wọ̀nyí ti ń rí i. Ìwọ̀n wákàtí kan ni a ń lò pẹ̀lú wọn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi; eré ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní alaalẹ́, ó sì ń kọ́ wọn ní ohun tí ìfẹ́ jẹ́, bí ọkùnrin ti í wá obìnrin, àti ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá gbóná nítorí ẹni tí ó fẹ́. Ohun tí ó bá ń kọ́ ọmọ ẹni ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ó tọ́ kí a mọ bí ó ti ń ṣe é.

A kò wí pé ẹ̀rín burú. Ọlọ́run ni ó fi ẹ̀rín sí ẹnu ọmọ ènìyàn, ẹni tí kò bá sì lè rẹ́rìn-ín yóò ṣòro láti bá gbé. Ohun tí a ń béèrè ni pé: ọ̀nà wo ni àwọn òǹkọ̀wé eré ń gbà mú wa dúró ti ìtàn wọn fún ọdún púpọ̀, kí sì ni ọ̀nà náà ń ṣe nínú ọkàn wa?

I. BÍ A TI Ń ṢE ERÉ NÁÀ

Àwọn baba wa mọ àlọ́. Nígbà tí òṣùpá bá yọ, àgbà a jókòó, àwọn ọmọdé a sì yí i ká. A ó pa àlọ́, a ó gbe orin rẹ̀, kí oníkálukú tó lọ sùn, Ìjàpá ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn kan náà nínú ilé kan náà ni a ń padà lọ bá ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn fún ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú eré yìí ti gbilẹ̀ gidigidi, ààbọ̀ wákàtí ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá máa ń yà sọ́tọ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan. Eré fúnra rẹ̀ a gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 22, ìpolówó ọjà a sì gba ìyókù. Ní àkókò àwọn eré tí a ó mẹ́nu bà nínú ẹ̀kọ́ yìí, nǹkan bí apá 24 ni wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún, láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Karùn-ún ọdún kejì.

Ìpolówó yìí ni kí ẹ kíyèsí. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń ta àkókò fún àwọn oníṣòwò, owó rẹ̀ a sì máa gòkè bí àwọn òǹwòran bá ti ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, iṣẹ́ òǹkọ̀wé eré kò parí ní pípa ènìyàn lẹ́rìn-ín lónìí. Ó ní láti rí i pé ẹni tí ó rẹ́rìn-ín lónìí tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ̀rín nìkan kò lè ṣe èyí, nítorí ẹni tí ó bá ti rẹ́rìn-ín tán a dìde, a bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí ń mú ènìyàn padà ni ìbéèrè tí a kò tíì dáhùn. Kò sì sí ìbéèrè tí ó rọrùn láti gbé kalẹ̀, tí tọmọdé tàgbà sì ń fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, bí èyí: Ǹjẹ́ àwọn méjì yìí yóò fẹ́ ara wọn bí?

II. ÌDÈNÀ TÍ A FI SÍ ÀÁRÍN ÀWỌN OLÓLÙFẸ́

Bí àwọn méjì náà bá tètè fẹ́ ara wọn, ìbéèrè náà kú. Nítorí náà ni òǹkọ̀wé ṣe ń wá ìdènà. Ẹ jẹ́ kí a wo eré mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀.

Èkíní ni Cheers, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, tí ó sì parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1993. Ilé ọtí kan ní ìlú Boston ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Sam Malone ni ó ni ilé ọtí náà, ẹni tí ó ti fi eré baseball ṣe iṣẹ́ rí, tí ọtí ti bà jẹ́ kí ó tó jáwọ́ nínú rẹ̀. Diane Chambers jẹ́ obìnrin tí ó kàwé púpọ̀. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi í sílẹ̀ sí ilé ọtí náà ní apá àkọ́kọ́, ó sì di ẹni tí ń gbé ọtí fún àwọn oníbàárà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, síbẹ̀ ọ̀kan ń gan ìwà èkejì. Fún ọdún 5, títí Diane fi lọ ní ọdún 1987, ìfẹ́ àti ìjà wọn ni ó gbé eré náà ró. Ní ọdún 1984 a tún mú oníṣègùn ọpọlọ kan wá, Frasier Crane, kí ó lè dúró ní àárín wọn gẹ́gẹ́ bí olólùfẹ́ Diane.

Èkejì ni Frasier, eré tí a fún oníṣègùn yìí fúnra rẹ̀ láti ọdún 1993 títí di ọdún 2004. Nínú rẹ̀, Niles, àbúrò Frasier, ní ìfẹ́ sí Daphne, obìnrin tí ń tọ́jú baba wọn. Ṣùgbọ́n Niles ti ní aya nílé. Nígbà tí ìgbéyàwó náà sì tú, kò ní ìgboyà láti sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀. Nígbà tí Daphne sì wá gbọ́, òun pẹ̀lú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aya ẹlòmíràn. Oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ní òpin ọdún 7 tí eré náà ti ń lọ, ni àwọn méjèèjì tó sá lọ pọ̀. Ọdún 7! Ẹni tí ó bá ka Bíbélì rẹ̀ yóò rántí ẹlòmíràn tí ó dúró fún ọdún 7 nítorí obìnrin kan. A ó padà sí èyí láìpẹ́.

Ẹ̀kẹta ni Friends, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, tí ó sì parí ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2004, lẹ́yìn apá 236. Ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́fà ní ìlú New York ni. Ross ti fẹ́ràn Rachel láti ìgbà tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́, kò sì sọ ọ́. Ní òpin ọdún kìíní eré náà, Ross lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà. Ọ̀rẹ́ wọn kan ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ náà létí Rachel, Rachel sì gbé òdòdó dání lọ dúró dè é ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Àwa òǹwòran rí Ross bí ó ti ń bọ̀ pẹ̀lú obìnrin mìíràn, Julie. Rachel kò mọ̀. Níbẹ̀ ni a pa eré dé fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Lọ́nà kìíní, a jẹ́ kí òǹwòran mọ ohun tí ẹni inú eré kò mọ̀, kí àánú àti ẹ̀rín lè bá ara wọn jà nínú rẹ̀. Lọ́nà kejì, a fi ìdènà tí ó tóbi jù sí òpin ọdún, kí ìsinmi gígùn má baà jẹ́ kí a gbàgbé. Bákan náà ni wọ́n ṣe ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, nígbà tí Ross dúró níwájú àlùfáà ní ìlú London láti fẹ́ Emily, tí ó sì pe orúkọ Rachel dípò orúkọ ìyàwó tí ó dúró tì í.

Bí a bá kó àwọn ìdènà wọ̀nyí jọ, oríṣi mẹ́rin ni a ó rí. Èkíní ni ẹlòmíràn tí ó dúró ní àárín, bí Julie àti Emily. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí a kò sọ ní àkókò rẹ̀, bí ti Niles. Ẹ̀kẹta ni ìyàtọ̀ ipò àti ẹ̀kọ́, bí ti Sam àti Diane. Ẹ̀kẹrin ni ìwà olólùfẹ́ fúnra rẹ̀: ìgbéraga, ìbẹ̀rù, àti owú. A lè lé ẹlòmíràn lọ. A lè sọ ọ̀rọ̀ tí ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ìwà ń bá oníwà lọ sí ibi gbogbo. Nítorí náà ni àwọn òǹkọ̀wé ṣe fẹ́ràn ìdènà kẹrin yìí ju gbogbo wọn lọ, nítorí kì í tán.

III. OWÚ GẸ́GẸ́ BÍ IGI ÌDÁNÁ

Kí Friends tó pé ọdún 2, Ross àti Rachel ti di olólùfẹ́ ara wọn. Kí ni yóò wá mú òǹwòran padà? Owú ni a mú wá. Rachel rí iṣẹ́ tí ó ń wá láti ọjọ́ pípẹ́, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mark ni ó sì bá a ṣe ọ̀nà rẹ̀. Rachel kò bá Mark ṣe ohun ìtìjú kankan. Síbẹ̀ Ross bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ léraléra, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé obìnrin yìí ní ẹni tí ó ni ín. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìfẹ́ wọn pé ọdún kan, tí iṣẹ́ wọ Rachel lọ́rùn, Ross gbé oúnjẹ lọ bá a láìpè. Ìjà dé, Rachel ní kí àwọn sinmi díẹ̀ nínú ìfẹ́ náà. Nígbà tí Ross gbọ́ ohùn Mark ní ilé Rachel nígbà tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó bínú, ó sì bá obìnrin mìíràn sùn ní òru ọjọ́ náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1997 ni ìfẹ́ wọn tú ká.

Ẹ kíyèsí i dáradára: owú Ross ni ó mú ohun tí ó ń bẹ̀rù wá sí ilé. Rachel kò dà á. Òun tí ó ń ṣọ́ ọ̀nà kí olè má baà wọlé ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó kọ apá náà mọ òtítọ́ nípa ọkàn ènìyàn.

Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, a kò ṣàìmọ irú èyí. Eré Fuji House of Commotion, tí olóògbé Amaka Igwe dá sílẹ̀, tí ó sì ti ara eré Checkmate jáde, fi ilé Olóyè Fuji hàn wá, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ aya àti ọ̀pọ̀ ọmọ. Níbẹ̀ kò sí ẹni tí ń béèrè bóyá àwọn méjì yóò fẹ́ ara wọn. Wọ́n ti fẹ́ ara wọn ná, wọ́n sì ju méjì lọ. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé ta ni ọkọ yóò gbọ́ tirẹ̀ lónìí. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí à ń pè ní orogún kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

IV. OWÚ INÚ ERÉ KÌ Í BÍMỌ

Èéṣe tí a fi ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí ó lè mú wa sunkún bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ilé wa? Ìdí rẹ̀ ni pé eré ti yọ oró kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá tún jókòó lórí àga kan náà ní ọ̀sẹ̀ yìí, wọ́n ń mu kọfí. Ojú tì wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀ títí, kò sí ọmọ tí ń fetí sí ìjà náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí ó dun Rachel ní ọdún 1997 wá di àwàdà tí a ń sọ ní ọdún 2004. Ní ọ̀rọ̀ kan, owú inú eré kì í bímọ.

Níhìn-ín ni ewu rẹ̀ wà fún àwọn ọ̀dọ́. Bí wọ́n bá ti rí i ní ìgbà púpọ̀ pé ẹni tí ó jowú jù ni ẹni tí ó ní ìfẹ́ jù, tí ìtàn sì fi ìyàwó fún un ní ìkẹyìn, wọn ó gbà pé owú ni ẹ̀rí ìfẹ́. Ọmọbìnrin a máa rò pé bí ọkùnrin kò bá ń wádìí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀, kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọkùnrin a máa rò pé bí òun bá ń ṣí fóònù àfẹ́sọ́nà òun wò lójoojúmọ́, ìtọ́jú ni. Láti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń tú ká, ọwọ́ sì ti tẹ̀lé ẹnu nínú àwọn mìíràn. Àwàdà kọ́ ni èyí mọ́.

V. OWÚ INÚ ILÉ JÁKỌ́BÙ

Nísinsin yìí ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé Mímọ́. Jákọ́bù fẹ́ràn Rákélì, orúkọ kan náà pẹ̀lú ti obìnrin inú eré tí a sọ. Ó sin Lábánì fún ọdún 7 nítorí rẹ̀, ọdún náà kò sì gùn lójú rẹ̀. Ní òru ìgbéyàwó a fi Líà dípò; nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni ó tó mọ̀, ó sì tún gbà láti sìn fún ọdún 7 mìíràn. Bí òǹkọ̀wé eré òde òní bá rí irú ìdènà yìí, inú rẹ̀ yóò dùn: ẹni tí a fi pamọ́ nínú òkùnkùn, baba ìyàwó tí ó jẹ́ ẹlẹ́tàn, ọkọ tí ojú tì.

Lẹ́yìn èyí ni owú dé. Líà ní ọmọ, kò ní ìfẹ́ ọkọ. Rákélì ní ìfẹ́ ọkọ, kò ní ọmọ. Olúkúlùkù ń wo ohun tí ó wà ní ọwọ́ èkejì. Nígbà tí ó ṣe, Rúbẹ́nì rí èso mándrékì nínú oko, àwọn obìnrin méjèèjì sì fi èso náà dá ọjà ọkọ wọn fún òru kan. Ẹni tí ó bá ka orí 30 tí kò rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò kà á dáadáa.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni Ìwé Mímọ́ ti yà kúrò lọ́nà eré. Kò gbàgbé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tí Jákọ́bù ń bẹ̀rù Ísọ̀ nínú orí 33, ó to àwọn ẹ̀rúbìnrin àti àwọn ọmọ wọn síwájú, ó fi Líà àti àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé wọn, ó sì fi Rákélì àti Jósẹ́fù sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ewu kò pọ̀. Àwọn ọmọ Líà ní ojú. Wọ́n rí ibi tí baba wọn to àwọn sí. Nígbà tí ẹ̀wù Jósẹ́fù dé nínú orí 37, igi gbígbẹ ni iná bọ́ sí. Wọ́n tà á ní 20 owó fàdákà nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Owú àwọn ìyá ti bí ìlara àwọn ọmọ, ìlara àwọn ọmọ sì mú ọ̀fọ̀ bá baba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owú inú ilé a máa bímọ.

Kí ni ó dá a dúró? Kì í ṣe pé àwọn ará ilé náà gbàgbé, bí àwọn ẹni inú eré ti í gbàgbé. Jósẹ́fù rántí gbogbo rẹ̀, ó sọkún, ó sì dárí jì wọ́n, nínú orí 45 àti nínú orí 50. Ìgbàgbé kò lè pa irú-ọmọ owú. Ìdáríjì ni ó lè pa á.

Ẹnìkan lè béèrè pé: Ǹjẹ́ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò pe ara rẹ̀ ní òjòwú nínú Ẹ́kísódù? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n owú Ọlọ́run ń ṣọ́ májẹ̀mú nítorí ire ẹni tí ó bá a dá a. Owú Ross ń ṣọ́ ohun ìní nítorí ìbẹ̀rù ara rẹ̀. Tọkọtaya tí ó bá bèèrè ìṣòótọ́ lọ́wọ́ ara wọn kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ aya tàbí ọkọ rẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n ni ó ṣẹ̀.

VI. ÌTÀN MÌÍRÀN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ERÉ KAN NÁÀ

Àwọn kan wí pé kò sí ìtàn nínú ilé tí ó tòrò, pé bí ìdènà bá ti kúrò, eré ti kú. Friends fúnra rẹ̀ dá wọn lóhùn. Monica àti Chandler di olólùfẹ́ ní ọdún 1998, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 2001. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, àwọn òǹwòran kò kúrò. Ìdènà tí ó dé bá wọn kò ti àárín wọn jáde; ó ti òde wá: wọ́n gbọ́ pé wọn kò lè bímọ. Wọn kò yí ẹ̀bi sí ara wọn lórí. Wọ́n jọ gbé e, ní òpin eré náà wọ́n sì gba ìbejì tọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ wọn. Àwọn tí wọ́n wo òpin náà ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù 52 lọ. Ross àti Rachel pẹ̀lú rí ara wọn padà ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọdún 10 ni wọ́n fi rìn ín, ọmọ wọn Emma sì ti dé ayé ná ní ọdún 2002.

Ìyàtọ̀ kan ni ó wà níhìn-ín tí àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi yé àwọn ọmọ: ìdènà tí a jọ dojú kọ ń so ènìyàn pọ̀, ìdènà tí a fi ara wa ṣe ń tú ènìyàn ká.

VII. BÍ A Ó TI LO Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

A kò gba yín nímọ̀ràn láti pa tẹlifíṣọ̀n nílé yín, nítorí ọmọ yóò wò ó nílé aládùúgbò, àti nínú fóònù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá wọn wò ó. Nígbà tí ẹ̀rín bá ti rọlẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè. Kí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, àwọn adarí Ẹgbẹ́ Ìyá, àti àwọn tí ń pèsè àfẹ́sọ́nà sílẹ̀ fún ìgbéyàwó, lo àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Ta ni ó fi ìdènà yìí sí àárín wọn? Ṣé láti òde ni ó ti wá, tàbí láti inú ìwà ọ̀kan nínú wọn?

2. Bí a bá ti sọ òtítọ́ ní gbangba ní ọjọ́ kìíní, ǹjẹ́ ìdènà náà ìbá wà síbẹ̀? Èéṣe tí wọn kò fi sọ ọ́?

3. Ẹni tí ó jowú nínú eré yìí, kí ni ó ń bẹ̀rù? Ǹjẹ́ ohun tí ó ṣe mú ìbẹ̀rù náà kúrò, tàbí ó mú un ṣẹ?

4. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa, báwo ni yóò ti rí lẹ́yìn ọdún 10? Ta ni nínú àwọn ọmọ ilé náà ni yóò san gbèsè rẹ̀?

5. Ẹ fi ìwà Niles, tí ó dákẹ́ fún ọdún 7, wé ìwà Jákọ́bù, tí ó sọ ohun tí ó fẹ́ ní gbangba tí ó sì ṣiṣẹ́ fún un. Kí ni a rí kọ́ lára olúkúlùkù wọn?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan sí i fún yín. Bí owú bá wọ inú yín, ẹ má ṣe fi í pamọ́ títí yóò fi di eré fún àwọn aládùúgbò. Ẹ sọ ọ́ fún ara yín ní ohùn pẹ̀lẹ́, nínú yàrá yín, kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òǹkọ̀wé eré nílò ìdènà yín kí ọjà rẹ̀ lè tà. Ẹ̀yin kò nílò rẹ̀. Àwọn ọmọ yín tí ń wò yín ní àárọ̀ àti ní alẹ́ kò ní bọ́tìnì tí wọn ó fi pa yín dé.

Kí Ọlọ́run àlàáfíà, ẹni tí ó mú Jósẹ́fù àti àwọn arákùnrin rẹ̀ jókòó pọ̀ níkẹyìn, kí ó bùkún ilé wa gbogbo. Àmín.